Oúnjẹ tòmátì àti àrùn tó ń mú un rọ

Tòmátì tó tutù yọ̀yọ̀ láàárọ̀ lè rọ kó tó di ọ̀sán, láìjẹ́ pé ewé rẹ̀ pọ́n. Ẹ bomi sí i, kò ní jí. Bí ẹ bá fura, ẹ gé igi rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, kí ẹ ki ojú ibi tí ẹ gé bọ inú ife omi tó mọ́ kedere. Láìpẹ́, nǹkan funfun bí omi ògì á máa sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ bí okùn òwú. Bakitéríà nìyẹn.

Ralstonia solanacearum ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Erwin Smith ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1896. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ojú ọgbẹ́ gbòǹgbò ló ń gbà wọlé, á sì dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè. Bó bá ti wọlé, kò sí oògùn tí ẹ lè fọ́n sí ewé tí yóò lé e jáde. Ohun tó kù ni kí ara igi fúnra rẹ̀ le.

Lọ́dún 1995, àwọn olùwádìí Yamazaki àti Hoshina ní Japan gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí irú tòmátì mẹ́ta tí wọ́n fún ní kálísíọ́mù ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Hawaii 7998, akíkanjú inú wọn, fẹ́rẹ̀ẹ́ má rọ. Lára Zuiei, tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n, bí kálísíọ́mù ṣe ń pọ̀ sí i ni àrùn ń dín kù. Ponderosa ńkọ́? Ó jẹun tán, ó ṣì rọ.

Kí ni kálísíọ́mù ń ṣe lára igi? Pẹkítìn ló lẹ ara igi pọ̀ bí àtè. Bakitéríà yìí ní èròjà tó fi ń yọ́ ọ, ṣùgbọ́n kálísíọ́mù máa ń mú pẹkítìn náà le. Sílíkọ́nì náà ń ṣèrànwọ́: Dannon àti Wydra fi hàn ní 2004, ní Hannover, Jámánì, pé ó lè dín rírọ náà kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tòmátì kì í gbà á tó ìrẹsì.

Ní ti ajílẹ̀, yùríà àpọ̀jù ló ń bí mi nínú. Ewé á dúdú, ojú àgbẹ̀ á dùn, ara igi á sì rọ̀ bẹ̀jẹ̀bẹ̀jẹ̀ fún àrùn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá irúgbìn tó lágbára, kí ẹ tó ronú ajílẹ̀. Èyí tó bá ti rọ, ẹ fà á tu. Ẹ má gbin ata tàbí ìgbá síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí àrùn kan náà ń pa wọ́n. Àgbàdo ni kí ẹ gbìn.