Yíyan páwà pákì fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì

Páwà pákì ni ẹ̀yà kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ń gba iná AC láti ara ògiri, tí ó sì ń sọ ọ́ di iná DC oní fólítì 12, 5 àti 3.3 tí àwọn ẹ̀yà yòókù ń lò. Ìlànà ATX, tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé jáde ní ọdún 1995, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tẹ̀lé. Nọ́ńbà wáàtì tí a kọ sí ara rẹ̀ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń wò kí wọ́n tó rà á. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò bí Ẹ̀gbẹ́dá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí iná Ikeja Electric, jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà ti lè gba ipò lọ́wọ́ ara wọn láàrin ọjọ́ kan, nọ́ńbà yẹn nìkan kò tó.

Iná tí ń wọlé

Fólítì 230 ni iná Nàìjíríà; ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Ní ẹ̀yìn àwọn páwà pákì àtijọ́ kan, bọ́tìnì pupa kékeré wà tí a fi ń yàn láàrin 115 àti 230. Bí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ bá ti Amẹ́ríkà dé Computer Village ní Ìkẹjà pẹ̀lú bọ́tìnì náà lórí 115, tí a sì kì í bọ iná Èkó bẹ́ẹ̀, fólítì inú rẹ̀ yóò gòkè dé nǹkan bí 650, bẹ́ẹ̀ ni kapásítọ̀ méjì tí ń gbà á kò lè gbé ju nǹkan bí 400 lọ. Wọn yóò bú gbàù. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni kí a kọ́kọ́ wò kí a tó fi ọwọ́ kan okùn iná. Èyí tí a kọ 100–240 sí lára ló dára jù, nítorí pé kò nílò bọ́tìnì, ó sì lè fara da ohun tí àwọn ará Èkó ń pè ní áàfù kọ́rẹ́ǹtì, nígbà tí fólítì bá wálẹ̀ tí gílóòbù ń tàn bí àtùpà.

Ìṣírò wáàtì

Kọ̀ǹpútà IBM PC ti ọdún 1981 lo páwà pákì oní wáàtì 63.5 péré. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì òde òní tí kò ní káàdì àwòrán ọ̀tọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i: kì í sábà jẹ ju nǹkan bí wáàtì 100 lọ, páwà pákì gidi oní wáàtì 300 sì tó o. Káàdì àwòrán ló ń yí ìṣírò padà. Core i5-12400 lè jẹ tó wáàtì 117, GeForce RTX 3060 ń jẹ 170. Bí a bá fi 50 kún un fún àwọn ẹ̀yà yòókù, ó di 337. Síbẹ̀ 550 ni NVIDIA ní kí ẹni tó ra káàdì yìí lò. Kì í ṣe àṣejù: káàdì àwòrán a máa fa iná kọjá ìwọ̀n rẹ̀ lójijì, fún àkókò tí kò tó ìpajú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé páwà pákì oní wáàtì 550 yóò máa jẹ iná 550 nígbà gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá béèrè nìkan ló ń fà, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí ó ń ṣòfò bí ooru. Àmì 80 Plus, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, ń fi hàn pé ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 iná tó wọlé ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà. Bí wọ́n bá nílò 300, mítà yóò ka 375. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún oníbàárà Band A, tí owó iná rẹ̀ fò láti nǹkan bí náírà 68 sí 225 fún ẹyọ kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024.

Ìwé ara rẹ̀ ṣe pàtàkì ju àkọlé páálí lọ. Fólítì 12 ni ẹ̀rọ ìṣirò àti káàdì àwòrán ń lò jù, nítorí náà kí a wá iye áńpù tí a kọ sí abẹ́ 12V, kí a sì fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí áńpù bá jẹ́ 18, wáàtì 216 nìkan ló wà níbẹ̀, ìbáà ṣe 500 ni a kọ gàdàgbà sí iwájú.

Jẹnẹrétọ̀, ínfátà àti UPS

Bí iná bá lọ, nǹkan bí ìdá 16 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ìlànà ATX retí kí páwà pákì fi gbé kọ̀ǹpútà dúró. Kò sí ẹni tó lè tan jẹnẹrétọ̀ láàrin àkókò yẹn. UPS ló ń dí àlàfo náà. Ṣùgbọ́n àwọn páwà pákì tí ó ní active PFC kì í fi gbogbo ìgbà bá UPS tàbí ínfátà olówó pọ́ọ́kú rẹ́, kọ̀ǹpútà sì lè kú lójijì bí bátìrì bá ti gba iṣẹ́. Ínfátà tàbí UPS tí a kọ pure sine wave sí lára ni kò ní irú wàhálà yìí.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ páwà pákì inú Dell OptiPlex tàbí HP EliteDesk tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ gbé ti àtijọ́ dání lọ sí ọjà, nítorí pé ẹnu okùn wọn àti ìwọ̀n wọn kì í sábà bá ti ATX mu. Kò sì yẹ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ tú páwà pákì náà fúnra rẹ̀ kalẹ̀: iná lè ṣì wà nínú kapásítọ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ okùn kúrò lára ògiri.