Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí àdéhùn Áfíríkà ṣe ń tọ́ adájọ́ Nàìjíríà sọ́nà

Bí wọ́n bá ti oníṣòwò kan ní Ọjà Balógun mọ́lé láìnídìí, Ìwé Òfin Nàìjíríà nìkan kọ́ ni yóò gbèjà rẹ̀, nítorí pé Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà jọ fọwọ́ sí, náà ka irú àtìmọ́lé bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní abala 6 rẹ̀.

Abala 12 Ìwé Òfin 1999 sọ pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lágbára òfin ní Nàìjíríà àyàfi bí ilé aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin, èyí tí wọ́n sì ti ṣe fún Àdéhùn yìí ní 1983.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 1996, lábẹ́ ìjọba ológun Sani Abacha, àwọn agbófinró mú agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi nílé rẹ̀ l'Ékòó láìfi ìwé àṣẹ hàn án. Nígbà tí ẹjọ́ tó pè lórí rẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, ìdájọ́ ọdún 2000 ṣàlàyé pé Àdéhùn náà lágbára ju òfin lásán lọ, ṣùgbọ́n kò ga ju Ìwé Òfin, àti pé bí òfin mìíràn bá tako Àdéhùn náà, kí adájọ́ gbà pé aṣòfin kò pinnu láti da àdéhùn tí orílẹ̀-èdè bá àwọn ẹlòmíràn ṣe, àyàfi bí òfin náà bá sọ bẹ́ẹ̀ kedere.

Láti 2009 ni ìlànà ìgbẹ́jọ́ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti pàṣẹ fún àwọn adájọ́ láti túmọ̀ Ìwé Òfin àti Àdéhùn náà lọ́nà tí yóò dáàbò bo ará ìlú.