Ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ níbi tí ọwọ́ ènìyàn kò gbọ́dọ̀ dé

Ẹ wo ìyá tó ń yan gàrì ní Ifangni. Iná ń jó lábẹ́ agbada, ooru ń bù ú lójú. Kì í fi ọwọ́ lásán yí gàrì inú agbada. Igbá ló fi ń yí i, kì í sì í jókòó sí ojú ibi tí èéfín ń lọ. Kí ló dé? Ó rí iná, ó gbọ́ òórùn èéfín, ara rẹ̀ sì ń sọ fún un pé kó sún sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n iná kan wà tí a kò lè fi ojú rí. Kò ní òórùn, kò ní ariwo. Ó lè ba ara ènìyàn jẹ́ kí onítọ̀hún tó mọ̀ pé òun ti súnmọ́ ọn. Ìtànṣán olóró ni à ń pè é. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ, àti ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá a ṣiṣẹ́ láti òkèèrè.

Níbo ni ìtànṣán yìí ti ń wá?

Òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní yùréníọ̀mù. Láti nǹkan bí ọdún 1971 ni wọ́n ti ń wà á ní Arlit, ní orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò wa ní àríwá. Bí àwọn onímọ̀ bá ti ṣe òkúta náà tán, tí wọ́n sì kó o jọ sínú ìkòkò irin ńlá, ó máa ń mú ooru jáde. Ooru yẹn á sọ omi di oru. Oru á yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì mú iná mànàmáná wá. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe èyí ni ilé iná núkílíà. Kò sí ọ̀kan ní Bẹ̀nẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Faransé, ohun tó ju ìdajì iná mànàmáná wọn lọ ló ń ti irú ilé bẹ́ẹ̀ wá.

Ilé náà ń gbó bí gbogbo ilé ṣe ń gbó. Bí ilé alámọ̀ bá gbó ní abúlé wa, àwọn ọ̀dọ́ á gbé ọkọ́, wọ́n á wó o kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé núkílíà kò rí bẹ́ẹ̀. Irin àti ògiri inú rẹ̀ ti mu ìtànṣán bí aṣọ ṣe ń mu aró. Bí wọ́n tilẹ̀ pa ẹ̀rọ náà, ìtànṣán kò kú. Òmíràn á wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Wọ́n ń jìnnà sí i. Wọn kì í pẹ́ nítòsí rẹ̀. Wọ́n sì ń fi ohun tó nípọn dí i, bí omi jíjìn, òjé tàbí ògiri sìmẹ́ǹtì. Jíjìnnà sí i ló mú kí wọ́n máa lo róbọ́ọ̀tì.

Róbọ́ọ̀tì yìí kì í ṣe ènìyàn onírin bí ẹ ti ń rí i nínú sinimá. Òmíràn jẹ́ kẹ̀kẹ́ kékeré tó gbé fìtílà àti ẹ̀rọ ayàwòrán. Òmíràn jẹ́ apá irin gígùn tó ń gé nǹkan, tó ń gbé nǹkan. Ẹni tó ń darí rẹ̀ jókòó sí yàrá mìíràn, ó ń wo iṣẹ́ náà nínú tẹlifíṣọ̀n.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1986, ilé iná núkílíà kan bú gbàmù ní Chernobyl, ní Yukréìnì, tó wà lábẹ́ ìjọba Sófíẹ̀tì nígbà náà. Ohun olóró fọ́n ká sórí òrùlé. Wọ́n kọ́kọ́ rán róbọ́ọ̀tì lọ. Ọ̀kan nínú wọn wá láti Jámánì. Kò pẹ́ tó fi dákẹ́, nítorí ìtànṣán tí ń pa ènìyàn ń ba inú ẹ̀rọ jẹ́ pẹ̀lú. Ni wọ́n bá kó àwọn ọmọ ogun lọ, ó lé ní 3,000 ọkùnrin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á sáré dé orí òrùlé, á fi ṣọ́bìrì kó díẹ̀ jù sísàlẹ̀, á sì sáré padà. Ìṣẹ́jú kan sí méjì ni wọ́n fún un. Bí a bá ń yin ẹ̀rọ lónìí, ó yẹ kí a rántí àwọn ọkùnrin yẹn.

Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ti dára sí i. Ní Chooz, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n pa ilé iná núkílíà kan ní ọdún 1991. Nígbà tó yá, abẹ́ omi ni wọ́n ti fi róbọ́ọ̀tì gé ìkòkò irin ńlá inú rẹ̀ wẹ́wẹ́, kí omi lè bo ìtànṣán mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò yá. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì ní Jàpáàn, òkun sì ya wọ ilé iná núkílíà Fukushima. Omi tó ń tu yùréníọ̀mù lára dá. Ni ó bá yọ́ bí òrí nínú oòrùn, ó ṣàn wálẹ̀, ó sì tún dì. Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ sí tọ́ọ̀nù 880. Róbọ́ọ̀tì kan tí wọ́n rán wọlé ní ọdún 2017 há sáàárín pàǹtírí, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n tó fi ọ̀pá irin tó ń nà tó mítà 22 mú ègé kan jáde. Ègé náà kò wúwo ju hóró àgbàdo méjì sí mẹ́ta lọ.

Ẹ lè sọ pé, "Kí ló kàn wá nínú èyí?"

Ẹ̀rọ núkílíà kékeré wà ní Gánà, nítòsí Àkúrá, òmíràn sì wà ní Zaria ní Nàìjíríà. Ti ẹ̀kọ́ àti ìwádìí ni wọ́n, kì í ṣe ti iná mànàmáná. Yùréníọ̀mù inú wọn jẹ́ irú èyí tí wọ́n lè fi ṣe bọ́ǹbù. Wọ́n kó ti Gánà padà sí Ṣáínà ní ọdún 2017, wọ́n kó ti Zaria ní 2018, wọ́n sì fi irú tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Kò sí ẹni tó fi ọwọ́ gbé e. Inú àpótí irin tó nípọn ni wọ́n fà á sí.

Ṣùgbọ́n ohun olóró kì í gbé ilé núkílíà nìkan. Ó wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo àrùn jẹjẹrẹ, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń wá epo rọ̀bì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2002, wọ́n jí irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ láàárín Wàrì àti Pọ́tákọ̀ọ̀tù. Ọdún 2003 ni wọ́n rí i, ní Jámánì, láàárín irin àlòkù!

Ti ìlú Goiânia ní Bràsíìlì burú jù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, àwọn méjì wọ ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti pa tì, wọ́n yọ irin kan, wọ́n sì tà á fún ẹni tó ń ra irin àlòkù. Ìyẹ̀fun kan wà nínú rẹ̀ tó ń tàn nínú òkùnkùn. Ó wù wọ́n. Wọ́n pín in fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, wọ́n fi pa ara. Ènìyàn mẹ́rin ló kú, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà wà lára wọn. Ó kan ara àwọn 249.

Nítorí náà, ẹ mọ àmì yìí: ewé dúdú mẹ́ta tó yí kókó dúdú kan ká, lórí àwọ̀ ìyeyè. Bí ẹ bá rí i lára irin tàbí àpótí, pàápàá èyí tó kéré tó sì wúwo ju bó ti yẹ lọ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má ṣí i, ẹ má fi òòlù lù ú, ẹ má gbé e wọlé. Ẹ kó ọmọdé kúrò níbẹ̀ tó mítà 30 ó kéré tán, kí ẹ fi ẹnìkan ṣọ́ ọ̀nà, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí olórí abúlé, ọlọ́pàá tàbí ilé mérì. Bí ẹnìkan bá ti fọwọ́ kàn án, kó bọ́ aṣọ rẹ̀ sínú àpò kan, kó dì í, kó fi omi àti ọṣẹ wẹ̀, kó tó jẹun. Kó wá lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kó sì sọ ohun tó rí gan-an fún dókítà. Èébì àti egbò tó dà bí iná jó ènìyàn lè má tètè yọ, dókítà sì lè rò pé àìsàn mìíràn ni.

Bí ẹni tí ń ra irin àlòkù bá sì ní òun á san owó gidi lórí rẹ̀, ẹ má tà á fún un. Ẹ fi àmì náà hàn án láti òkèèrè, nítorí ọwọ́ tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kàn án.