Òjé Inú Ẹ̀jẹ̀: Ẹ̀rọ Wo Ló Yẹ Ká Gbọ́ Tirẹ̀?

Lọ́dún 2010, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni wọ́n ń fi lọ òkúta góòlù lábúlé Dareta àti Yargalma ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Òjé kún inú òkúta náà, àwọn ọmọdé sì ń kú. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wò, bí 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní máíkírógírámù 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bó bá ti dé 45, àwọn dókítà sábà máa ń fún ọmọ ní oògùn tó ń fa òjé jáde.

LeadCare II ni ẹ̀rọ tó ṣeé gbé lọ sírú abúlé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ méjì láti orí ìka ti tó o. Wọ́n á pò ó mọ́ omi ásíìdì kí sẹ́ẹ̀lì pupa, tí òjé lúgọ sí, lè fọ́. Iná á kó òjé náà jọ sórí pélébé kan, á tún tú u kúrò. Agbára iná tó jáde nígbà tó ń tú ni ẹ̀rọ fi ń mọ iye rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, èsì ti dé. Ṣùgbọ́n bí òjé bá ju 65 lọ, “High” lásán ló máa kọ. Yálà 70 ni o, yálà 300 ni o, kò ní sọ. Fún ọmọ tí gìrì ti mú, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Ìka fúnra rẹ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀. Bí wọn ò bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí wọ́n tó gún un, eruku òjé ara rẹ̀ á wọnú ẹ̀jẹ̀, èsì á sì ga jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ inú iṣan láti fi jẹ́rìí. Àfi bó ṣe di ọdún 2017 tí àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi LeadCare yẹ ẹ̀jẹ̀ inú iṣan wò mọ́, nítorí èsì rẹ̀ lè kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́dún 2024, iléeṣẹ́ Magellan tó ṣe é gbà pé òun jẹ̀bi, ó sì gbà láti san mílíọ̀nù 42 dọ́là lórí ẹ̀sùn pé ó fi àléébù ẹ̀rọ náà pamọ́.

Láwọn láábù ńlá, àwọn kan ń sun ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀pá gíráfáìtì, wọ́n á wo ìmọ́lẹ̀ tí òjé gbé mì. Ẹ̀rọ ICP-MS ló mú jù: gáàsì ágọ́ọ̀nù tó gbóná kọjá sísọ ló fi ń tú gbogbo rẹ̀ ká, á wá fi ìwúwo ya òjé sọ́tọ̀. Ó ń rí èyí tó kéré gan-an, àmọ́ ó wọ́n, kò sì fẹ́ iná tó ń ṣe ségesège.

Orí èyí tó kéré yẹn ni ọ̀rọ̀ wà báyìí. Àjọ CDC ti Amẹ́ríkà gbé ààlà tó ń pè fún àkíyèsí kúrò ní 10 sí 5 lọ́dún 2012, ó tún fà á wá sí 3.5 lọ́dún 2021. LeadCare II kì í ka ohun tó bá kéré sí 3.3. Lójú tèmi, ó wúlò ní Zamfara. Ṣùgbọ́n ní Ògijo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀, ọmọ tó ń ṣeré kiri láìsí gìrì lè ní òjé díẹ̀díẹ̀ lára, kò sì yẹ kí wọ́n fi èsì ẹ̀rọ yìí nìkan dá ìyá rẹ̀ padà sílé. Láábù ńlá náà kò kúkú pé: nínú ìdánwò tí Amẹ́ríkà fi ń wo àwọn láábù wọn, òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025 ṣì fàyè gba àṣìṣe 2 sókè tàbí sísàlẹ̀. Láábù tó bá ka 3.5 sí 5 yóò yege.