Oorun Àsùnwọra Níbi Tí Wáyà Iná Kò Dé

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti wọlé tán, tí koríko Òkè-Ògùn ti gbẹ láti Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹbẹdí títí dé Ṣakí ọmọ Àsabàrí, tí àwọn odò kéékèèké sì ti fà tí yanrìn ìsàlẹ̀ wọn hàn síta, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fà sí oko: àgbẹ̀ fẹ́ lọ sùn ní abà kó lè ṣọ́ káṣú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ pàgọ́ lẹ́bàá Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn onígbàgbọ́ fẹ́ gun orí òkè lọ gba àwẹ̀, ọmọ wa tó sì ti London tàbí Houston dé fún ọdún Kérésìmesì ń fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ sùn mọ́jú ní abúlé tí a bí bàbá wọn sí. Síbẹ̀ a máa ń rí àwọn kan láàárín wọn tí wọ́n ń yẹ ìrìn àjò náà sílẹ̀, tí kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n tàbí pé owó ọkọ̀ kò sí, bí kò ṣe nítorí ẹ̀rọ kékeré kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, èyí tí dókítà ti ní wọn kò gbọdọ̀ sùn láìlò, tó sì ń fẹ́ iná mànàmáná láti àṣálẹ́ títí di òwúrọ̀. Wọ́n ti gbà lọ́kàn wọn pé ibi tí iná kò bá sí kì í ṣe ibùsùn wọn mọ́. Àánú wọn ṣe mí, nítorí pé iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ kò tó èyí tí wọ́n ń bẹ̀rù rárá, bí wọ́n bá lè mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ gan-an.

CPAP ni àwọn dókítà ń pe ẹ̀rọ náà, àìsàn tí wọ́n sì ṣe é fún ni ti ọ̀nà ọ̀fun tó máa ń pàdé lójú oorun. Bí ènìyàn bá ti sùn lọ, ẹran tó yí ọ̀nà ọ̀fun ká a máa dẹ̀. Ní ara àwọn kan, pàápàá àwọn tó sanra tàbí tí ọrùn wọn ki, a dẹ̀ débi pé ọ̀nà yóò dí, èémí yóò sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ọpọlọ yóò fi ta ẹni náà jí díẹ̀ kí ó lè tún mí. Ẹni tó ń sùn kì í mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń mọ̀, ẹni tó ti ń gbọ́ híhanrun ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pa àtùpà, tó gbọ́ tó dákẹ́ lójijì, tó nawọ́ sí àyà rẹ̀ nínú òkùnkùn láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń gbéra sókè, tí kò sì lè mú ọwọ́ kúrò títí ọkùnrin náà fi fi ariwo gba èémí padà. Bí irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ bá tó 5 láàárín wákàtí kan, dókítà a máa kà á sí ọ̀ràn. Bí ó bá tó 30, ọ̀ràn náà ti le. Ẹni tó bá ń bá a fínra kì í sùn yó bó ti wù kó pẹ́ lórí ibùsùn tó. Yóò máa tòògbé lójú ìwé, lórí àga ìpàdé, àti nídìí ìdarí ọkọ̀ pàápàá, ẹ̀jẹ̀ ríru a sì máa bá a wọ̀yá ìjà.

Ṣáájú ọdún 1980, ìtọ́jú tó dájú fún ẹni tí tirẹ̀ bá le púpọ̀ ni pé kí oníṣẹ́ abẹ dá ihò sí i lọ́rùn kí ó lè máa ti ibẹ̀ mí. Ọdún náà ni Dókítà Colin Sullivan, ní ìlú Sydney ní ilẹ̀ Ọsirélíà, dán ẹ̀rọ kan wò tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba ihò imú wọlé lójú oorun, ní 1981 ó sì kọ ìròyìn nípa àwọn aláìsàn márùn-ún tó kọ́kọ́ lò ó sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní The Lancet. Ẹ̀rọ náà kò fi oògùn kankan sínú atẹ́gùn. Gẹ́gẹ́ bí ewìrì alágbẹ̀dẹ tí kò sinmi ni ó ń ṣe, ó ń ti atẹ́gùn inú yàrá gba inú rọ́bà gígùn àti ìbòmú wọ ọ̀fun, agbára tó fi ń tì í ló sì ń mú ọ̀nà náà là sílẹ̀. Agbára yẹn kò pọ̀: dókítà a máa wọ̀n ọ́n bí ìwọ̀n omi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 4 sí 20, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í dé 20 yẹn láéláé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á dé ìdí ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá tọ wáyà ẹ̀rọ yín lọ láti ibi tí ẹ ti kì í bọ ara ògiri, ẹ ó kan ike dúdú onígun mẹ́rin kan tó wúwo díẹ̀, tó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ yí i padà, kí ẹ gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé, nítorí pé lẹ́tà ara rẹ̀ wínníwínní. Ẹ ó rí i pé iná tó ń wọlé lè jẹ́ fólítì 100 sí 240, èyí tó fi hàn pé ẹ̀rọ kan náà ni yóò ṣiṣẹ́ ní Houston àti ní Ìgbòho. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó rí iná tó ń jáde: lára ọ̀kan nínú àwọn tó wọ́pọ̀ jùlọ, fólítì 24 àti wáàtì 90 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wáàtì 90 yìí ló ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà lẹ́nu ọ̀nà oko. Wọ́n a sọ 90 di ìlọ́po wákàtí 8 tí wọn yóò fi sùn, yóò di wáàtì-wákàtí 720, wọ́n a sì ṣírò bátìrì tó lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, orí wọn a wú.

Ṣùgbọ́n iye tó ga jùlọ tí ike náà lè pèsè ni 90 yẹn. Kì í ṣe iye tí ẹ̀rọ ń jẹ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn kì í jẹ ju nǹkan bí wáàtì 10 lọ bí agbára tí dókítà yàn bá mọ níwọ̀n. Èyí tó kù, omi gbígbóná ló ń jẹ ẹ́: ike omi kan wà lára ẹ̀rọ náà, irin gbígbóná sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń mú kí atẹ́gùn rin díẹ̀ kí ó tó dé ọ̀fun, rọ́bà àwọn mìíràn sì tún ní wáyà gbígbóná nínú. Bí gbogbo èyí bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹ̀rọ lè jẹ wáàtì 40 tàbí 50. Kì í ṣe atẹ́gùn ló ń jẹ iná wa, ooru ni. Bí ẹ bá pa ooru náà, òru kan yóò jẹ nǹkan bí wáàtì-wákàtí 80 sí 100. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó máa gbóná, òru kan náà lè gba 400. Gbogbo ètò oko tó kù dúró lé ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye méjì yìí.

Àwọn àgbà ìlú ọyẹ́ yóò sì bi mí léèrè pé, ta ni yóò sùn pẹ̀lú atẹ́gùn gbígbẹ nínú ọ̀gìnnìtìn tó ń la ètè, tó ń la gìgísẹ̀? Ìbéèrè náà tọ̀nà. Mo gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n bu omi sínú ike náà bí wọ́n ti ń ṣe nílé, kí wọ́n sì pa ooru rẹ̀ nìkan. Atẹ́gùn tó bá gba orí omi tútù kọjá ṣì ń rí ọ̀rinrin díẹ̀ mú, àfi kí ẹni tí imú rẹ̀ máa ń dí tètè bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó lọ. Omi tí a sè, tí a sì jẹ́ kí ó tutù, tàbí omi tí a gbà jọ láti ara ooru omi híhó (distilled water) tí a rà ní ilé oògùn, ló yẹ ibẹ̀. À ń kìlọ̀ ọ̀rọ̀ kan gidigidi: kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra omi bátìrì lọ́dọ̀ àwọn ríwáyà tàbí ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba iná sínú bátìrì ọkọ̀, kó sì bù ú sínú ẹ̀rọ tí yóò fi máa mí, nítorí pé ásíìdì lè wà nínú ohun tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ yẹn, ásíìdì kì í sì í ṣe ohun tí a ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ da omi inú ike náà nù kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀, nítorí bí ọkọ̀ bá bọ́ sínú kòtò, ibi tí fáànù wà ni yóò dà sí.

Ní ti bátìrì, bátìrì ọkọ̀ tí ẹ fi ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì kò dára fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n ṣe é kí ó yọ agbára ńlá ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, wọn kò ṣe é kí ó máa tú jáde díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ẹ bá fi í sùn, ó lè ṣòro kí ọkọ̀ yín jí ní òwúrọ̀. Bátìrì olómi-ásíìdì tí àwọn ènìyàn ń lò pẹ̀lú inverter nílé ṣeé lò, kìkì pé kò yẹ kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Èyí tó jẹ́ fólítì 12 àti áńpíà-wákàtí 100 kún fún wáàtì-wákàtí 1,200, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 600, èyí tó tó òru márùn-ún tàbí mẹ́fà láìsí ooru bí a bá yọ ti òfò, àmọ́ tí kò tó òru méjì bí ooru bá wà. Ó tún wúwo, ó lé ní kìlógíráàmù 25, ẹni tó fẹ́ gun orí òkè kò sì ní fẹ́ fi orí rù ú. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó ní iye kan náà kò tó ìdajì ìwọ̀n yẹn, ó sì ṣeé lò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Owó rẹ̀ ló wọ́n. Ẹni tó bá ti òkè òkun bọ̀ kò lè gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í gba bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó ju wáàtì-wákàtí 100 lọ láìsí ìyọ̀ǹda, tó bá sì ti ju 160 lọ, kò sí àyè fún un rárá lọ́dọ̀ èrò ọkọ̀. Kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání, kó ra bátìrì ní ilé.

Ohun mìíràn tó máa ń jẹ iná wa ní ìkọ̀kọ̀ ni inverter. Bátìrì ń tú iná fólítì 12 jáde, inverter a sọ ọ́ di 230, ike dúdú tí a sọ níṣàájú a tún sọ ọ́ padà di 24. Nínú ìyípadà kọ̀ọ̀kan ni díẹ̀ ti ń ṣòfò, inverter ńlá sì lè máa jẹ wáàtì mẹ́wàá fún ara rẹ̀ kó tó gbé ohunkóhun. Ọ̀nà tó yá ni wáyà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà tàbí àwọn mìíràn ṣe fún un, tó ń mú iná bátìrì 12 lọ tààrà sínú ẹ̀rọ, tó sì ń gbé e sókè sí 24 fún èyí tó bá fẹ́ 24. Kí ẹ rí i pé ti irú ẹ̀rọ yín gan-an ni, kí fíúsì sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀ nítòsí bátìrì. Bí inverter bá di dandan, kí ó jẹ́ irú èyí tí iná rẹ̀ ń dán gbere bíi ti ìjọba. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí iná wọn ń rí gbágungbàgun lè ba apá tó ń mú omi gbóná jẹ́.

Ẹni tí yóò bá pẹ́ ju òru méjì lọ ní láti ronú sí sólà. Pátákó wáàtì 100 kan, bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá ràn dáadáa, yóò kó nǹkan bí wáàtì-wákàtí 300 sí 350 wọlé lójúmọ́ lẹ́yìn tí a ti yọ ti òfò, èyí tó ju oúnjẹ òru kan lọ ní ìlọ́po mẹ́ta láìsí ooru. Ṣùgbọ́n bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún: eruku ọyẹ́ a máa bo ojú pátákó, ìkùukùu oṣù Keje a sì máa gé iye yẹn sí ìdajì tàbí kí ó dín sí i. Kí á máa fi aṣọ rírin nu ojú rẹ̀ láràárọ̀, kí bátìrì sì ní tó òru méjì nínú kí oòrùn tó dá sí i.

Jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ rò, mo sì mọ̀ pé ó wà ní ọ̀pọ̀ ilé. Kí ẹ lò ó ní ọ̀sán láti fi gba iná sínú bátìrì. Kí ẹ má ṣe tan án ní òru nítòsí abà tàbí àgọ́. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó ti pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun rí nílẹ̀ wa, ẹ̀rọ CPAP kò sì lè yọ ọ́ kúrò nínú atẹ́gùn: ohun tó bá wà lẹ́nu fáànù ni yóò tì sínú ọ̀fun, òwú kékeré tó ń sé eruku kò lè sé gáàsì. Nítorí ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a tan kọ́ìlì ẹ̀fọn sẹ́bàá rẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn ló dára, rọ́bà náà yóò sì gba abẹ́ rẹ̀ wọlé láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò, ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri, kí ẹ fi bátìrì náà sùn nílé láti alẹ́ di òwúrọ̀ pẹ̀lú ètò tí ẹ ó lò ní oko gan-an, kí ẹ sì ka ohun tó ṣẹ́kù bí ilẹ̀ bá mọ́. Iye tí ẹ bá rí ni òtítọ́ ti ẹ̀rọ yín, ó ju ìṣirò èmi tí mo ń kọ̀wé yìí lọ. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń sùn pẹ̀lú, nítorí ẹni tó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí iná bá sì já lóru, kí ẹ bọ́ ìbòmú kúrò lójú, nítorí pé atẹ́gùn tuntun kò wọ inú rẹ̀ dáadáa mọ́ nígbà tí fáànù bá ti dúró. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ má fi ẹ̀yìn sùn, kí ẹ gbé orí sókè, kí ọtí àti oògùn oorun má sì sí nínú ara yín. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, òru kan péré láìsí ẹ̀rọ kì í ṣe ikú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òògbé yóò padà dé ní ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń ṣàìsàn ní láti gba ọ̀rọ̀ ẹnu dókítà kó tó lọ, ẹnikẹ́ni tí kò bá sì lò ó ní òru àná, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ fún ìrìn ìpadàbọ̀ náà.