Ta Ló Ń Ṣọ́ Ẹnu-Ọ̀nà Kọ̀ǹpútà àti Fóònù Yín?

 

Ẹjọ́ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwa ọlọ́jà. Ìyá kan á dé báǹkì l'Ádó, á ní kí akọ̀wé bá òun ṣí rìsíìtì tí oníbàárà fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Akọ̀wé á ní kọ̀ǹpútà àwọn kì í ṣí WhatsApp. Inú á bí ìyá, á ní ìgbéraga ni. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe ìgbéraga. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn yẹn pa mọ́ akọ̀wé náà ni. Ìdí tí wọ́n fi tì í kan fóònù tó wà lápò yín.

Nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń ṣe é, òun ni àwọn ọmọ ń pè ní app. WhatsApp jẹ́ app, ti báǹkì náà jẹ́ app. Nẹ́tíwọ̀kì sì ni ọ̀nà tí app ń gbà lọ bá kọ̀ǹpútà mìíràn níta. Ọ̀nà yẹn ni ó ń gbà mú ìròyìn wá fún yín, ọ̀nà yẹn náà ló lè gbà kó ẹrù yín lọ, kí ẹ sì wà níbẹ̀ kí ẹ má mọ̀.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi aṣọ́nà sí i, tí wọ́n ń pè ní firewall. Ẹ fi wé ilé ìlọ ìrẹsì wa n'Ìgbẹmọ. Bí aṣọ́nà bá ń bi gbogbo àlejò tó ń wọlé léèrè, ṣùgbọ́n tí kì í wo àpò tí àwọn ará ilé ń gbé jáde, ṣé ìrẹsì ò ní dín? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni firewall inú Windows rí bí wọ́n ṣe gbé e wá. Àlejò tó ń ti ìta bọ̀ ló ń dá dúró. App tó ti wà nínú ilé, tó fẹ́ jáde, á jẹ́ kó kọjá, àfi bí ẹnìkan bá pàṣẹ pé kó má kọjá. Ìdí nìyẹn tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá fi ń yan ẹnìkan tó ń pinnu app tó lè kọjá àti ibi tó lè dé. Akọ̀wé lásán ò lè yí i padà.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, àrùn kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ WannaCry bẹ̀rẹ̀ sí í ràn káàkiri ayé. Ó ń gba nẹ́tíwọ̀kì láti ara kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí èkejì, á ti fáìlì pa, á ní kí wọ́n sanwó kóun tó ṣí i. Nínú 236 àjọ tó ń bójú tó ìwòsàn ìjọba ní England, bí 80 ni ó dí lọ́wọ́ iṣẹ́. Wọ́n dá aláìsàn padà sílé. Microsoft sì ti gbé àtúnṣe jáde láti oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ ò fi sí i. Nígbà tí National Audit Office, tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wọn wò, kọ̀wé jáde lóṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n ní ká ní wọ́n bójú tó firewall tó kọjú sí ìta ni, ì bá gbà wọ́n.

Nílé wa ńkọ́? Tiwa, ẹnu-ọ̀nà ìjáde ló ti ń ṣe wá. Ẹni tó fẹ́ yáwó kíá á gba app ayánilówó sórí fóònù. App á ní òun fẹ́ rí orúkọ àti nọ́ńbà inú fóònù, òun náà á tẹ Allow. Gbogbo orúkọ yẹn á gba nẹ́tíwọ̀kì lọ sọ́dọ̀ wọn. Bí owó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á kọ̀wé sí oníbàárà àti àna rẹ̀ pé olè ni. Lóṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ ìjọba NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé Soko Lending lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Lọ́dún 2022, àjọ FCCPC ní kí àwọn ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀. Lọ́dún 2023, Google ṣòfin pé app ayánilówó inú Play Store kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orúkọ àti fọ́tò inú fóònù. Ṣùgbọ́n app tí wọ́n fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, òfin Play Store ò ká a lọ́wọ́ kò.

Ohun tí a lè ṣe nìyí:

1. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Apps, ẹ tẹ orúkọ app, ẹ wọ Permissions. Bí kò bá nídìí tó fi yẹ kó rí Contacts yín, ẹ tẹ Don't allow. Ẹ tètè ṣe é, torí orúkọ tó bá ti jáde ò ṣeé pè padà.

2. Ojú ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí Mobile data. Ẹ pa Background data fún app tí ẹ kì í sábà lò. Kò ní lè máa jẹ dátà yín nígbà tí ẹ ò ṣí i. Ẹ má pa ti báǹkì o, kí álátì má baà pẹ́.

3. Fóònù tí ẹ fi ń gba owó ọjà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ fi géèmù sí i.

4. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹnìkan ṣoṣo mọ páásíwọ́ọ̀dù tó ń yí nǹkan padà nínú rẹ̀. Bí Windows bá bi yín bóyá kí app kan kọjá, tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ má tẹ Allow torí kó lè kúrò lójú yín. Bí àtúnṣe bá sì dé, ẹ jẹ́ kó wọlé.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó mú fóònù rẹ̀ wá sí ìpàdé, a ó jọ ṣe é. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Orúkọ oníbàárà wa ni ọjà wa. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́