Ìhanrun Kì í Ṣe Oorun Àsùnwọra

Bí baálé ilé bá ń hanrun lóru tí gbogbo yàrá ń mì tìtì, ẹ̀rín ni àwọn ará ilé ń fi í rín. Wọn a ní, "Ẹ gbọ́ Baba! Oorun wọn mà dùn o." Ṣùgbọ́n bí oorun náà bá dùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Baba tún ń tòògbé nídìí àtẹ ní agogo 10 òwúrọ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe gbogbo ìhanrun ni àrùn. Òtútù tí ó dí imú lè fà á. Èyí tí ó yẹ kí á kọminú sí ni ìhanrun tí ó ń dá wáí lójijì. Àyà ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n èémí kò wọlé. Lẹ́yìn náà ni onítọ̀hún yóò ta gìrì, tí yóò mí kanlẹ̀ bí ẹni tí a fà yọ nínú odò. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é ni sleep apnea.

Bí a bá sùn, iṣan ọ̀fun a máa dẹ̀. Ọ̀fun ẹlòmíràn a dẹ̀ títí yóò fi pa dé, pàápàá bí ọ̀rá bá pọ̀ ní ọrùn rẹ̀. Bí èémí bá dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 10, àwọn dókítà a kà á sí ẹ̀ẹ̀kan. Bí ó bá tó ìgbà 5 ní wákàtí kan, àrùn ti wọ̀ ọ́. Bí ó bá tó 30, ó ti le. Ọpọlọ ni ó ń ta á jí kí ó lè mí, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀. Ìdí nìyí tí orí fi ń fọ́ ọ láàárọ̀, tí ó sì ń sùn lórí ìjókòó.

Bí a bá fi í sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ a máa bá a rìn. Awakọ̀ tí ó ní i lè sùn lọ lórí ọkọ̀, kí ó kó èrò ọjà sínú ewu.

Ìtọ́jú wà. Kí ẹni tí ó sanra jù fọn díẹ̀. Kí ó yẹra fún ọtí lálẹ́. Kí ó má ṣe dá oògùn oorun lò. Kí ó máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Fún èyí tí ó le, ẹ̀rọ kan wà tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú kí ọ̀fun má baà pa dé. Dókítà Colin Sullivan ti ìlú Sydney ní Ọsirélíà ni ó kéde irú ìtọ́jú yìí fún ayé ní 1981.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kan bá ń sùn ní kíláàsì lójoojúmọ́, ẹ má tètè fa pàṣán yọ. Ẹ bi ìyá rẹ̀ bí ó bá ń hanrun lóru. Bèlúbèlú tí ó wú lè ti dí ọ̀nà èémí rẹ̀.

Ẹni tí ó sùn kò lè jẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹni tí ó sùn tì í ni ẹlẹ́rìí. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ọkọ, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ẹ fetí sílẹ̀ lóru òní. Bí èémí bá ń dá, ẹ sọ fún un láàárọ̀, kí ẹ sì bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó sùn ni à ń jí: ẹ jí i nígbà tí ó ṣì ṣeé jí.